Ta Ló Pa Wáí-fáì? Àgbéyẹ̀wò Ẹjọ́ Láptọ́ọ̀pù Tó Gba Windows Tuntun

Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí ráńdábáòtù Ìkọ̀tún. Iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń bú ramúramù, àwọn oníkòrópe ń pe èrò Ìjẹ̀gùn. Ìyá kan tó jẹ́ tíṣà ní Ìgàndò wọlé, ó tú láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ rẹ̀ kúrò nínú gèlè tó fi wé e, ó gbé e lé kántà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹnjiníà. Ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Láti ọjọ́ Túsìdeè tó ti ṣe àpúdéètì ni Wáí-fáì rẹ̀ ti kú."

Kí ẹnjiníà tó la ẹnu, àwọn mẹ́ta tó ń dúró de iṣẹ́ tiwọn ti dájọ́. Èkíní ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, pé láti ìgbà tí owó dátà ti wọ́n ni kò ti sí èyí tó dúró mọ́ ní gbogbo Alímọ̀ṣọ́. Èkejì ní láptọ́ọ̀pù náà ló ti darúgbó. Ẹ̀kẹta, ọmọkùnrin kan tí irun àgbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù tán, ní kí wọ́n sáà fọ́máàtì í, ọ̀rọ̀ parí.

Mo ti gbọ́ ẹjọ́ yìí débi pé mo lè dá a lójú oorun. Ojú kan náà ni gbogbo rẹ̀ jọ: láptọ́ọ̀pù ń ṣiṣẹ́ lánàá, ó gba ètò tuntun lóru, ilẹ̀ mọ́, kò rí Wáí-fáì mọ́. Ohun tó ń yàtọ̀ ni ẹni tí a ń dá lẹ́bi. Mo wá rò ó pé ó yẹ kí a pe gbogbo àwọn afurasí wọ̀nyí jọ lẹ́ẹ̀kan, kí a sì yẹ oògùn tí wọ́n ń lò fún un wò lọ́kọ̀ọ̀kan, torí púpọ̀ nínú oògùn náà ló le ju àrùn lọ.

Ìdí tí ẹjọ́ náà fi pọ̀ lásìkò yìí kò ṣòro láti rí. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ dúró lórí Windows 10, tí wọ́n gbé jáde ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 2015. Ẹni tó bá fẹ́ dúró sórí rẹ̀ lè forúkọ sílẹ̀ fún ààbò ọdún kan sí i, títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2026. 30 dọ́là ni wọ́n dá lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà wà láti gbà á láìsanwó fún ẹni tó bá gbà kí ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ máa wà ní ìpamọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ìkìlọ̀ nípa rẹ̀ ń yọ lójú kọ̀ǹpútà, àwọn èèyàn sì ń bẹ̀rù. Windows 11, tó ti wà láti ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ni gbogbo wọn ń sá lọ bá.

Ṣùgbọ́n Windows 11 kì í gba àlejò bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń béèrè 4GB RAM, ààyè 64GB, ẹ̀yà ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, àti ọpọlọ Intel tó jẹ́ ìran kẹjọ sókè, àyàfi díẹ̀. Ẹ wá rìn gba Ẹgbẹ́dá lọ sí Akọ́wọ́njọ, kí ẹ wo ohun tó wà lórí tábìlì àwọn tó ń ta láptọ́ọ̀pù. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ, àwọn ẹ̀rọ ọ́fíìsì tí ilé iṣẹ́ òkè òkun ti lò tán: EliteBook, Latitude, ThinkPad. EliteBook 840 G3 tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn, ìran kẹfà ni. Kò yẹ fún Windows 11 lójú ẹni tó ṣe é. Síbẹ̀ náà, Windows 11 ló wà lórí ọ̀pọ̀ wọn, torí ẹnjiníà wa ti fi ètò kan tó ń jẹ́ Rufus ṣe fíláàṣì tí kì í bi kọ̀ǹpútà léèrè ọjọ́ orí.

N kò bá wọn jà fún èyí. Owó láptọ́ọ̀pù tó yẹ kò sí lọ́wọ́ tíṣà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ojú fèrèsé wọlé, kó má retí pé onílé yóò ti tẹ́ ẹní dè é. Ẹ̀rọ tí ẹni tó ṣe é kò kà mọ́ ẹgbẹ́ Windows 11, kò sẹ́ni tó ń kọ ètò tuntun fún àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ mọ́. Èyí tí wọ́n kọ fún Windows 10 ni yóò máa lò. Ó máa ń bá a mu nígbà púpọ̀. Ọjọ́ tí kò bá bá a mu, Wáí-fáì ló sábà máa ń kọ́kọ́ fọhùn.

Ohun tó fà á nìyí. Nínú láptọ́ọ̀pù, káàdì kékeré kan wà tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju sítáǹbù lẹ́tà lọ. Irú tó wọ́pọ̀ báyìí, 22 mìlímítà lórí 30 ni. Ó lè jẹ́ ti Intel, ti Realtek, ti Broadcom, tàbí ti Qualcomm, tí ó ra ilé iṣẹ́ Atheros ní ọdún 2011. Káàdì yìí ló ń bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀. Windows kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ògbufọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni ètò kékeré tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní dírẹ́bà, orúkọ náà sì bá a mu gan-an. Danfo lè ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì dé, kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa dún bíi fèrè. Bí dírẹ́bà tí wọ́n gbé sórí rẹ̀ kò bá mọ bí jíà ṣe ń wọlé, Ìyánà Ìpájà ni yóò kú sí.

Nígbà tí Windows bá ń pa ilé dà, ó lè gbàgbé dírẹ́bà àtijọ́ sẹ́yìn. Ó lè gbé òmíràn tó jọ ọ́ síbẹ̀, tó mọ àwọn ọ̀nà ńlá ṣùgbọ́n tí kò mọ kọ̀rọ̀. Ó sì lè mú èyí tó tọ́ gan-an, kó wá yí òfin padà fún un: kó ní kí káàdì máa sùn tí kò bá níṣẹ́, láti dá bátìrì sí, káàdì náà á sì sùn, kò ní jí. Ìyàtọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń hàn lójú. Ti àkọ́kọ́, orúkọ Wáí-fáì yóò pòórá pátápátá. Ti èkejì, ó ń wọlé ó ń jáde bí ẹni tí inú ń run. Ti ìkẹta, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí tí ẹ ó fi pa ojú láptọ́ọ̀pù dé tí ẹ tún ṣí i.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé tòkunbọ̀ ló fà á, tàbí pé Ìkọ̀tún nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Apple gbé Yosemite jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2014, àwọn tó fi owó gọbọi ra Mac tuntun ń ké pé Wáí-fáì ń já. Apple ti yọ ètò kan tó ń jẹ́ mDNSResponder, tó ń bá kọ̀ǹpútà wá orúkọ àwọn ẹ̀rọ yòókù, wọ́n fi discoveryd rọ́pò rẹ̀. Ó tó oṣù mẹ́jọ kí wọ́n tó gbà pé àṣìṣe ni: ní oṣù Kẹfà ọdún 2015 ni wọ́n dá ti àtijọ́ padà. Lọ́dún 2015 yẹn kan náà, àwọn tó kúrò lórí Windows 8.1 bọ́ sí Windows 10 rí i pé Wáí-fáì wọn pòórá. Ìwádìí fi hàn pé àwọn ètò VPN àtijọ́ kan (àwọn tó ń la ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì), ti Cisco àti ti SonicWall, ti fi ọmọ ọ̀dọ̀ kan sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ tí Windows tuntun kò mọ̀. Káàdì kò jẹ̀bi, dírẹ́bà kò jẹ̀bi. Ẹni tó ti kó jáde nílé ló gbàgbé ẹrù sí ẹnu ọ̀nà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 ẹ̀wẹ̀, àpúdéètì Windows 11 tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ KB5033375 dé, àwọn láptọ́ọ̀pù tó ní káàdì Qualcomm kan kò lè wọ Wáí-fáì yunifásítì àti ọ́fíìsì mọ́, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó wà nílé wọn ń ṣiṣẹ́. Microsoft fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí i padà láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Mo fẹ́ràn ẹjọ́ ọdún 2023 yẹn torí pé ó fi hàn bí ojú ṣe ń tan èèyàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí Wáí-fáì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé tí kò ṣiṣẹ́ ní yunifásítì, kí ló máa sọ? Á ní yunifásítì ló ba nẹ́tíwọ́ọ̀kì jẹ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Tòkunbọ̀ ní ẹjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ṣá o. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ti kọjá kó tó dé Ẹgbẹ́dá. Ẹlòmíràn ti yọ káàdì inú rẹ̀ tà, ó fi òmíràn síbẹ̀. Àwọn HP àti Lenovo ìgbà kan sì wà tí ètò ìpìlẹ̀ wọn ní àkọsílẹ̀ àwọn káàdì tí yóò gbà. Bí ẹ bá fi èyí tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ sínú HP bẹ́ẹ̀, kò tilẹ̀ ní tàn dé Windows. Yóò kọ nọ́ńbà 104 sójú, yóò ní ẹ̀yà tí òun kò mọ̀ wà nínú òun. Wáyà tín-ín-rín méjì sì wà tó gba inú ojú láptọ́ọ̀pù lọ, dúdú kan, funfun kan, àwọn ni eriali. Ẹni tó ṣí láptọ́ọ̀pù láti fi RAM kún un lè ti yọ ọ̀kan láìmọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, Wáí-fáì yóò ṣiṣẹ́ bí ẹ bá gbé e sún mọ́ fóònù, á sì kú bí ẹ bá ti rìn dé pálọ̀. Bó bá jẹ́ ọjọ́ kan náà ni wọ́n fi RAM kún un tí wọ́n sì gbé Windows 11 sí i, ta ni yóò jẹ̀bi? Windows náà ni. Wáyà kò ní ẹnu.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà, torí kì í ṣe irọ́ ni arákùnrin tó kọ́kọ́ dájọ́ ń pa tán. Oṣù Kìíní ọdún 2025 ni NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, gba àwọn iléeṣẹ́ fóònù láàyè láti fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà ńlá abẹ́ òkun já létíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ilé ìfowópamọ́ àti iléeṣẹ́ fóònù sì dákẹ́ lára káàkiri. Ẹni tó gba àpúdéètì lọ́jọ́ yẹn kò ní mọ èyí tí ì bá mú. Èrò ibi tí a ń gbé náà kò kéré: ìkànìyàn ọdún 2006 ka 1,277,714 èèyàn sí Alímọ̀ṣọ́, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ tó jù ú lọ nínú ìwé náà ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Nínú ilé oníyàrá méjìlá ní Ìdímù, hótísípọ́ọ̀tì mẹ́wàá lè wà lójú afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo. Ọ̀nà Wáí-fáì àtijọ́, èyí tó wà lórí 2.4 GHz, ọ̀nà mẹ́ta péré ló ní tí kì í gorí ara wọn: 1, 6 àti 11. Ẹ fi mẹ́wàá sí mẹ́ta, ẹ ó rí gó-síloo tó ju ti Ìkọ̀tún lọ.

Síbẹ̀ ìyàtọ̀ wà láàárín nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lọ́ra àti Wáí-fáì tó kú, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Òun ni ẹnjiníà wa bi ìyá náà lẹ́yìn tí gbogbo adájọ́ ti sọ tiwọn tán:

"Mà, ṣé ó ń rí orúkọ hótísípọ́ọ̀tì àwọn aládùúgbò yín?"

"Kò rí ti ẹnikẹ́ni. Iná kékeré ibẹ̀ kàn ń pọ́n bí ọsàn."

Ẹ kọ ìbéèrè yẹn sílẹ̀. Bí láptọ́ọ̀pù kò bá rí orúkọ kankan ní àdúgbò tí hótísípọ́ọ̀tì ti pọ̀ bí yanrìn, ẹ má bu nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́. Káàdì, dírẹ́bà tàbí bọ́tìnnì ni. Bó bá rí ti gbogbo aládùúgbò tí kò rí tiyín, fóònù yín ni kí ẹ bi léèrè. Fóònù tuntun lè máa fọ́n hótísípọ́ọ̀tì sórí 5 GHz, nígbà tí káàdì inú láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kò mọ̀ ju 2.4 lọ. Kò sí ọ̀nà tí yóò fi rí i. Nínú ètò hótísípọ́ọ̀tì Android, ààyè wà láti yí i sí 2.4, lórí iPhone, "Maximize Compatibility" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ààbò WPA3, tí wọ́n kéde ní ọdún 2018, ló wà lórí fóònù náà, káàdì àtijọ́ kò sì mọ̀ ọ́n. Mo mọ ọkùnrin kan ní Ìpájà tó bú Windows 11 fún ọ̀sẹ̀ méjì, àṣé fóònù ló pààrọ̀ lọ́sẹ̀ kan náà.

Bó bá wá jẹ́ pé ó wọlé, ó so mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ní kò sí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ibí yìí ni Windows ti ń sọ ohun tí kò dá a lójú bí ẹni pé ó rí i. Bó ṣe ń mọ̀ ni pé ó máa ń ránṣẹ́ sí ojúlé kan tí Microsoft gbé kalẹ̀, msftconnecttest.com, láti mú ọ̀rọ̀ bíńtín kan wá. Bí ìránṣẹ́ náà kò bá padà dé, á ní kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Dátà tó tán lè fà á, DNS (ìwé adírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì) tó dàrú lè fà á, ètò VPN tó kù sílẹ̀ lè fà á.

Ọ̀kan sì wà tí ó jẹ́ tiwa gan-an. Bátìrì pẹlẹbẹ kan wà nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, CR2032, tó ń tọ́jú aago. Nínú tòkunbọ̀, ó ti máa ń kú. Bátìrì ńlá náà kì í pẹ́ mọ́, iná á lọ, láptọ́ọ̀pù á kú fin-ín, ìgbà tí yóò bá fi jí, ọdún 2015 tàbí èyí tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ ló máa rò pé òun wà. Gbogbo ojúlé tó ní ààbò yóò kọ̀ ọ́, torí ìwé ẹ̀rí wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ lójú aago tirẹ̀. Kò sóhun tó ṣe Wáí-fáì. Ẹ wo igun ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà lápá ọ̀tún kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ yín jáde nílé. Bí ọdún ibẹ̀ kò bá jẹ́ ọdún tí ẹ wà, ẹ ti fi owó ọkọ̀ pamọ́.

Ó kù ká yẹ oògùn wò.

Fọ́máàtì ni ọba wọn, n kò sì ní bò ó: èmi náà ti gbà kí wọ́n fọ́máàtì láptọ́ọ̀pù mi nítorí Wáí-fáì rí. Mo pàdánù àwòrán ìsìnkú bàbá mi. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, Wáí-fáì kò ṣiṣẹ́, torí Windows tí wọ́n tún gbé síbẹ̀ lọ mú dírẹ́bà burúkú kan náà wá. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, àwa sì ń fi owó wa ra àdá. Fọ́máàtì lè tilẹ̀ pa dírẹ́bà rere kan ṣoṣo tó wà nínú ẹ̀rọ rẹ́, kó wá ku ẹ̀rọ tí kò ní ohun tí yóò fi lọ wá òmíràn. Bó bá sì jẹ́ Windows ayédèrú tí wọ́n ti kó dírẹ́bà ẹ̀rọ mìíràn sínú rẹ̀ ni wọ́n fi fọ́máàtì, àrùn mìíràn ti wọlé nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí àwọn ẹnjiníà fi ń sá lọ bá a? Mo ti bá wọn jókòó tó láti mọ̀ pé kì í ṣe òpè ni wọ́n. Fọ́máàtì ní iye tí gbogbo ayé mọ̀, ó ní wákàtí tó ń gbà, oníbàárà sì ń sanwó rẹ̀ láìjiyàn. Ìwádìí lè gba ọ̀sán kan pẹ̀lú epo jẹnẹrétọ̀; bó bá wá yọrí sí pé bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ̀, oníbàárà á ní, "Ṣé bọ́tìnnì tí ẹ tẹ̀ yẹn lẹ fẹ́ gba owó lé lórí?" Ẹni tó bá lọ sọ́dọ̀ babaláwo máa ń gbé owó kalẹ̀ kí ó tó dá Ifá, ó mọ̀ pé ìwádìí iṣẹ́ ni. Lọ́dọ̀ ẹnjiníà, ẹbọ nìkan la fẹ́ sanwó fún. Ó sì di ẹni tó ń rúbọ láìdáfá. Lójú tèmi, ìdí tó tóbi jù nìyí tí wọ́n fi ń fọ́máàtì láptọ́ọ̀pù ní Alímọ̀ṣọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ìjọba Èkó bá tilẹ̀ kó Computer Village Ìkẹjà wá sí Kàtàngówà ní Agbádo/Òkè-Odò, lára ilẹ̀ tó jẹ́ Alímọ̀ṣọ́ látilẹ̀, bí wọ́n ti ń sọ láti ọdún pípẹ́, ṣọ́ọ̀bù ló máa sún mọ́ wa. Ìwà ìsanwó wa kò ní yí padà.

Àwọn oògùn yòókù rọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Pípadà sí dírẹ́bà àtijọ́ wà nínú Device Manager, níbi tí Windows to àwọn ẹ̀yà inú ẹ̀rọ sí, "Roll Back Driver" ni wọ́n pè é; bí Windows bá ti tọ́jú ti àtijọ́, ìṣẹ́jú kan ló gbà. Ibẹ̀ náà, lábẹ́ "Power Management", lẹ ti lè ní kí Windows má fi káàdì sùn mọ́. Ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ láti Windows 10 sí 11 ní ọjọ́ mẹ́wàá láti padà sí ibi tó ti ń bọ̀ láìpàdánù ìwé àti àwòrán yín. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ilẹ̀kùn ti tì. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbé e wá lọ́jọ́ kejìlá, torí wọ́n ń retí kó sàn fúnra rẹ̀. "Network reset" wà pẹ̀lú: ó ń tú gbogbo ìsopọ̀ palẹ̀, ó ń tún un tò, ó sì ń gbàgbé gbogbo ọ̀rọ̀ ìwọlé Wáí-fáì tí ẹ ti kọ sí i rí, nítorí náà ẹ wá ìwé tí ẹ kọ wọ́n sí kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí káàdì bá pòórá pátápátá, àwọn àgbà ẹnjiníà máa ń pa ẹ̀rọ, wọ́n á yọ bátìrì àti cháájà, wọ́n á di bọ́tìnnì ìtanná mú fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán. Ó dà bí àsọdùn. Ó ń ṣiṣẹ́ léraléra.

Ọ̀kan ni mo fẹ́ dúró lé, torí bí kò bá sí i, gbogbo àwọn yòókù lè má wúlò. Ìṣòro ńlá Wáí-fáì tó kú ni pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni dírẹ́bà tí yóò jí i wà. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú ilé tí a tì mọ́ra. Windows 11 tilẹ̀ mú un le sí i: nígbà tí wọ́n bá gbé e sórí ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń ní kí ẹ so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì kó tó jẹ́ kí ẹ wọlé. Àwọn ẹnjiníà ń fi àṣẹ kan tó ń jẹ́ bypassnro sá gba ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹta ọdún 2025 Microsoft kéde pé àwọn ń yọ ọ́ kúrò nínú àwọn ẹ̀dà tuntun.

Bẹ́ẹ̀ okùn cháájà fóònù yín lè ṣí ilé náà. Láti ọdún 2010, nígbà tí Android 2.2 jáde, ni fóònù Android ti lè fi okùn USB fún kọ̀ǹpútà ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ki okùn bọ fóònù, ẹ ki orí kejì bọ láptọ́ọ̀pù, ẹ lọ sí ibi tí hótísípọ́ọ̀tì wà nínú fóònù, ẹ tan "USB tethering". Windows yóò rí fóònù náà bí ẹni rí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, dírẹ́bà tó fẹ́ fún un sì ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò bá Wáí-fáì da nǹkan kan pọ̀. Láti ibẹ̀, ẹ lè lọ sójúlé ẹni tó ṣe láptọ́ọ̀pù yín, kí ẹ mú dírẹ́bà tirẹ̀ gan-an. Ohun kan ṣoṣo tó ń dí èèyàn lọ́wọ́ ni okùn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń gbé káàkiri nínú gó-síloo: ó ń cháàjì, kò lè gbé ọ̀rọ̀. Bí fóònù bá ń gba iná ṣùgbọ́n tí "USB tethering" kò ṣeé tẹ̀, ẹ pààrọ̀ okùn kí ẹ tó pààrọ̀ ohunkóhun.

Kí ẹ sì sọ fún Windows, bí ẹ bá ti wọlé, pé dátà yín ní ìwọ̀n. "Metered connection" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí ẹ ti ń wá dírẹ́bà tí kò ju mẹ́gábáìtì díẹ̀ lọ, òun á ti máa fa àpúdéètì mìíràn lẹ́yìn yín. Fáìlì Windows 11 odindi ju 5GB lọ. Ẹ mọ iye tí ìyẹn jẹ́ lórí dátà ọjọ́ kan.

Dọ́ńgùù USB kékeré tí wọ́n ń tà ní Ẹgbẹ́dá ń ran èèyàn lọ́wọ́ nígbà tí káàdì bá kú tòótọ́. Linux náà wà, àwọn ọ̀dọ́ kan sì ti ń sá lọ síbẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí Windows 11 kọ̀. Ó ń sáré lórí ẹ̀rọ àtijọ́, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ káàdì Broadcom ni ẹ ní, ẹ ṣọ́ra: ilé iṣẹ́ yẹn kò fi dírẹ́bà rẹ̀ han aráyé títí di ọdún 2010, àwọn káàdì rẹ̀ kan sì ṣì wà tí dírẹ́bà wọn kì í bá Linux wá, orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ó ti lọ mú un. Okùn cháájà náà la tún padà sí.

Àwọn kan ti wá fi ìbẹ̀rù sọ pé àwọn kò ní ṣe àpúdéètì mọ́ láéláé. Wọ́n ní ìdí, ṣùgbọ́n ewu wà ní ìhà kejì náà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, àrùn WannaCry ba kọ̀ǹpútà jẹ́ káàkiri ayé; oògùn rẹ̀ ti jáde ní oṣù Kẹta, àwọn tí kò gbà á ló kọlù. Nítòsí wa, àwọn òbí tí ọmọ wọn ṣe ìdánwò JAMB lọ́dún 2025 mọ ohun tí àtúnṣe tí kò dé lè ṣe: àwọn sáfà tó ń bójú tó ìdánwò ní Èkó àti ní Ìlà-Oòrùn Gúúsù kò gba àtúnṣe tí àwọn yòókù gbà, ibùdó ìdánwò 157 ni ọ̀rọ̀ náà kàn, ọmọ tó lé ní 379,000 ni wọ́n ní kí ó tún ìdánwò ṣe. Ọ̀gá àgbà JAMB nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, sunkún ní gbangba nígbà tó ń tọrọ àforíjì. Tèmi ni pé kí èèyàn máa gba àtúnṣe, kí ó má sì gbà á lóru ọjọ́ tí iṣẹ́ pàtàkì wà lọ́la. Kí ó sì kọ́kọ́ mú dírẹ́bà Wáí-fáì rẹ̀ sórí fíláàṣì kan, kí ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀.

Ẹnjiníà ti tan láptọ́ọ̀pù ìyá náà. Ó ṣí Device Manager, káàdì wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ pé. Ó wo iná kékeré tó ń pọ́n. Nínú irú ẹ̀rọ ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀, bọ́tìnnì tó ń tan Wáí-fáì tó sì ń pa á ní dírẹ́bà tirẹ̀ lọ́tọ̀, kékeré báyìí, èyí tí àpúdéètì lè fi sílẹ̀ lẹ́yìn. Káàdì kò kú. Wọ́n kàn pa á, kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ nígbà tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì. Ó gba fóònù ìyá náà, ó wá okùn nínú dúrọ́ọ̀: ti àkọ́kọ́ àti ìkejì kò gbé ọ̀rọ̀, ìkẹta ló ṣiṣẹ́. Ó lọ mú dírẹ́bà bọ́tìnnì, ó tún ẹ̀rọ tàn, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Iná náà di funfun. Orúkọ hótísípọ́ọ̀tì mẹ́rìnlá tò sójú kọ̀ǹpútà.

"Èló ni, ẹnjiníà?"

Ó dárúkọ iye kan, ìdajì owó fọ́máàtì.

"Há! Bọ́tìnnì lásán?"

Ọmọkùnrin tó ní kí wọ́n fọ́máàtì rẹ́rìn-ín. Ìyá náà wo iná funfun yẹn, ó wo ẹnjiníà, ó tú etí ìró rẹ̀, ó ka owó náà lé kántà láìyọ kọ́bọ̀ kan, ó sì fi gèlè wé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ padà.